Ẹ Bi Tíṣà: Ṣé Iṣẹ́ Gidi Ni Kéèyàn Máa Fi Ìmọ́lẹ̀ Wo Òkun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà wa. Ẹja ni mò ń tà ní Èpè, ó ti lé ní ogún ọdún. Ọmọ mi obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì sọ pé òun fẹ́ di ẹni tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ìwádìí òkun. Mo ní, irú ìmọ́lẹ̀ wo? Ọ̀sà tí mo mọ̀, bí mo bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá lásìkò òjò, n kì í rí ìka mi mọ́. Kí ni ìmọ́lẹ̀ fẹ́ rí níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ gidi ni, àbí ọmọ mi fẹ́ fi àkókò ṣòfò? Ìyá Ẹlẹ́ja, Èpè.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú òwò, Ọlọ́run á jẹ́ ó máa tà. Iṣẹ́ gidi ni. Ọwọ́ tí ẹ tì bọ omi yẹn ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn, torí ẹ ti ṣe ìwádìí náà kí ọmọ yín tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí omi ṣe gbé ìka yín pamọ́, ó ti sọ bí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Lọ́dún 1865, fadá ìjọ Àgùdà kan ní Ítálì, Angelo Secchi, tó tún jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀, bá ọkọ̀ ojú omi Póòpù lọ sórí òkun Mediterranean. Wọ́n so àwo funfun mọ́ okùn, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pòórá mọ́ wọn lójú, wọ́n sì wọn okùn. Àwo yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ dòní, orúkọ Secchi ni wọ́n fi ń pè é. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, ìdérí garawa ọ̀dà la kùn ní funfun, a so òkúta mọ́ ọn nídìí kó lè rì. Nínú ọ̀sà, kò tó mítà kan tó fi pòórá. Ọmọkùnrin kan kò gbà, ó ní okùn ló já. Ó fà á sókè, àwo yọ. Mi ò lè gbàgbé ojú ọmọ yẹn.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí à ń rí ní funfun, gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló wà nínú rẹ̀. Bó bá wọ omi, omi a kọ́kọ́ gbé pupa mì. Búlúù ló ń rìn jìnnà jù, òun náà ló ń padà jáde sí wa lójú, ìdí nìyẹn tí agbami fi ń dú bí aró. Àmọ́ àwọn ewéko kan wà nínú òkun tí ojú lásán kò lè rí níkọ̀ọ̀kan. Èròjà tó mú ẹ̀fọ́ tutù yọ̀yọ̀ lórí igbá náà ló wà lára wọn: a máa jẹ búlúù, a máa jẹ pupa, a sì máa tu àwọ̀ ewé sílẹ̀. Nǹkan bí ìdajì gbogbo oúnjẹ tí ewéko ń fi oòrùn sè láyé yìí, àwọn tíńtìntín wọ̀nyí ló ń sè é. Kòkòrò omi ń jẹ wọ́n, ẹja kékeré ń jẹ kòkòrò, ẹja ńlá ń jẹ ẹja kékeré, títí ó fi dé orí àtẹ yín.

Kí wọ́n lè mọ ibi tí àwọn ewéko yìí pọ̀ sí ni wọ́n ṣe ń ka àwọ̀ omi láti òkè. Lọ́dún 1978, Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì Nimbus-7 lọ, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọ̀ òkun sì wà lára rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí òfuurufú, gbé sátẹ́láìtì PACE lọ, tó ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀ ju ti ìṣáájú lọ fíìfíì. Ibi tó ṣòro rèé: bí a bá pín ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì sí mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ ti afẹ́fẹ́, ìdá kan péré ló ti inú omi wá. Kí wọ́n yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò láìba ti omi jẹ́, iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Ìkùukùu tún ń dí i lójú, ẹ sì mọ bí ojú ọ̀run wa ṣe ń rí lóṣù Keje.

Èyí tó wù mí jù ni àwọn ẹ̀rọ gbọọrọ bíi sìlíńdà tí ń dá lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. Wọ́n ń rì dé ẹgbẹ̀rún méjì mítà, wọ́n sì ń gòkè wá ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí wọ́n ti ń gòkè, wọ́n ń tan iná búlúù fìrí-fìrí. Àwọn ewéko náà a sì fi ìmọ́lẹ̀ pupa dá wọn lóhùn. Ẹ̀rọ a ka bí pupa yẹn ti pọ̀ tó, a fi ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì, a tún rì.

Ìyá wa, ọ̀sà yín le fún sátẹ́láìtì láti kà ju àárín agbami lọ, torí ẹrẹ̀, omi ewé jíjẹrà àti ewéko tíńtìntín dà pọ̀ síbẹ̀, ó ṣòro láti mọ èwo ló ni àwọ̀ wo. Ẹni tó mọ omi náà láti kékeré la nílò. Bí ọmọ bá ti dé fún ìsinmi, ẹ fún un ní ìdérí garawa funfun, okùn tí ẹ ta kókó sí ní ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan, àti òkúta. Kí ẹ jọ wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ẹ kọ ibi tí àwo ti pòórá sílẹ̀, kí ẹ tún ṣe é lọ́gbẹlẹ̀, kí ẹ fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ojú mi ń wọ̀nà.