Báàjì ìbò inú agolo bàbá: ẹ má tíì fọ̀ ọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa fi agolo bisikíìtì kan sílẹ̀, báàjì ìbò 14 ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ rà á lódidi. Ọ̀kan nínú wọn ní "UPN 1959" lára. Báwo la ṣe máa mọ iye tó tọ́? (Òǹkàwé, Ìkẹ́nnẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ gbogbo wọn sórí aṣọ funfun, kí ẹ sì tò wọ́n ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́. Igi ọ̀pẹ ni àmì Action Group tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951. Ẹṣin ni ti SDP, ẹgbẹ́ òṣèlú Abíọ́lá, níbi ìbò 1993. UPN ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, 1978 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nítorí náà kò sí ọ̀nà tí báàjì rẹ̀ fi lè jẹ́ ti 1959. Ayédèrú nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ má sì tà á fún ẹnikẹ́ni bí ojúlówó.

Báàjì olójú méjì, ti olùdíje ààrẹ àti igbákejì rẹ̀, máa ń sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Bí Awólọ́wọ̀ àti Philip Umeadi ló wà níbẹ̀, ìbò 1979 ni. Bí ó bá jẹ́ Awólọ́wọ̀ àti Muhammadu Kura, 1983 ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi lẹ́ńsì wo àwòrán rẹ̀ nínú oòrùn. Ìtẹ̀wé àtijọ́ máa ń hàn bí ẹ̀kán-ẹ̀kán kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà máa ń tú káàkiri bí ẹni bu omi wọ́n ilẹ̀. Ẹ yí i padà wo ẹ̀yìn: ìpẹtà tó ti pẹ́ máa ń wọnú igun ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé, aṣọ kò lè nù ún kúrò. Èyí tí wọ́n fi nǹkan kùn yóò bá aṣọ lọ.

Ní ti owó, iye tí ọlọ́jà pè kọ́ ni iye ọjà. Iye tí ẹlòmíràn ti san fún irú rẹ̀ ni. Ẹ bi èèyàn mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ sì máa bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ ra agolo lódidi sábà máa ń fojú sí ọ̀kan tàbí méjì, á wá gba ìyókù lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́tò tí bàbá ti so báàjì náà mọ́ aṣọ lè gbé owó rẹ̀ sókè ju dídán lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá a. Kí ẹ sì kọ ohun tí àwọn àgbà ilé bá rántí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí: ta ló fún bàbá, níbo, ìpàdé wo.

Ìbéèrè: Àmì pupa ti yọ lábẹ́ ojú báàjì ọlọ́pẹ mi. Ìyàwó mi ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. (Òǹkàwé, Ṣágámù)

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Páànù ló wà nísàlẹ̀, bébà àwòrán wà lórí rẹ̀, ọ̀rá títàn ló bò wọ́n, etí páànù ló sì há gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi máa ń gba etí yẹn wọlé, páànù á dípẹtà, ìpẹtà á wá mu bébà. Abẹ́ ọ̀rá ni àmì náà wà, ọsàn kò lè dé ibẹ̀. Omi rẹ̀ ni yóò wọlé, yóò sì tún jẹ páànù sí i. Ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́, ká dá a dúró ló kù. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nù ún, kí ẹ fi bébà funfun wé e, kí ẹ kó o sínú páálí pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń bá bàtà tuntun wá. Ẹ máa pààrọ̀ àpò náà lásìkò òjò. Ẹ má fi kánfọ̀ sí i, èéfín rẹ̀ lè ba ọ̀rá jẹ́. Ẹ má sì so ó mọ́ agbádá lọ sí Ojúde Ọba. Iyọ̀ inú òógùn ara máa ń mú páànù dípẹtà kíákíá.

Ìbéèrè: Àǹkárá ìbò 1993 tó ní ojú Abíọ́lá wà lọ́wọ́ mi, ọ̀pá mẹ́fà. Ṣé kí n rán an? (Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ẹ má gé e. Etí aṣọ tí wọ́n tẹ ìwé sí gbọ́dọ̀ wà lódidi. Ẹ má fi sítáàṣì sí i, kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ká a mọ́ páálí róbótó dípò kí ẹ ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ sì máa tú u sí atẹ́gùn nínú ilé nígbà ọyẹ́, kì í ṣe nínú oòrùn.