Ẹ̀rọ Bitcoin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù: ta ló ń sanwó, kí sì ni ẹ̀rọ náà ń ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀ńjìníà. Aṣọ ni mò ń tà ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kàwé kọ̀ǹpútà ní kí n fi àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ra ẹ̀rọ àlòkù méjì tí wọ́n ń pè ní Antminer S9, kí a gbé e sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí mò ń kó ọjà sí. Ó ní Band A la wà, iná kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ á máa wa Bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tọ̀sán-tòru, a ó sì máa fi èrè rẹ̀ ra òmíràn kún un. Ó tún ń sọ ti kọ́ìnì tuntun kan tí kò ní pọ̀ ju iye kan lọ láéláé, ó ní ìdí nìyẹn tó fi máa gbówó lórí. Mi ò tako ọmọ náà o, àmọ́ mo bi í pé ta ló ń san owó yìí, kò lè ṣàlàyé kó yé mi. Ṣé kì í ṣe sogúndogójì?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú oríire àjọ. Ẹ má ra ẹ̀rọ náà. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ọ̀rọ̀ mi má bàa gùn títí kí owó ti kúrò lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe sogúndogójì, ọmọ yín ò sì purọ́ fún yín. Iṣẹ́ gidi ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣe. Ohun tí kò rò dáadáa ni pé Bitcoin kì í sanwó fún iṣẹ́ bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó.

Ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti bèèrè. Kò sí ọ̀gá kankan níbì kan tó ń sanwó oṣù. Ọ̀nà méjì ni nǹkan ń gbà wọlé fún ẹni tó ni ẹ̀rọ. Àkọ́kọ́ ni kọ́ìnì tuntun tí òfin inú sọ́fúwíà gbà á láyè láti kọ sí orúkọ ara rẹ̀ nígbàkigbà tó bá mú àkọsílẹ̀ tuntun jáde. Èkejì ni owó táṣẹ́rẹ́ tí àwọn tó ń fi Bitcoin ránṣẹ́ máa ń fi lé e kí tiwọn lè tètè wọlé. Náírà ò sí nínú méjèèjì. Ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ ra kọ́ìnì yẹn lọ́wọ́ yín ni náírà ti ń wá. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ rà á, nọ́ńbà lásán lẹ dì mú.

Kí wá ni ẹ̀rọ ń ṣe? Ẹ rò ó bí ẹgbẹ́ àjọ kan tí kò ní alájọ, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà ìwé kan náà nílé. Wàhálà wọn ni pé ta ni yóò kọ ojú ewé tó kàn, tí kò ní rẹ́ orúkọ ẹlòmíràn tàbí kó ná owó kan lẹ́ẹ̀mejì? Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìdáhùn jáde ní October 2008, àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 3 January 2009. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀kù.

Orí búlọ́ọ̀kù kan, ìyẹn abala ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò ju báìtì 80 lọ, bí ìwọ̀n lẹ́tà 80. Nọ́ńbà ẹ̀dà òfin wà níbẹ̀, àmì búlọ́ọ̀kù tó ṣáájú wà níbẹ̀, àmì kan tó dúró fún gbogbo owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ nínú búlọ́ọ̀kù náà, aago, ìwọ̀n bí ìdánwò ṣe le tó, àti nọ́ńbà kan tí kò ní ìtumọ̀ kankan, tí ẹ̀rọ lè máa yí bó ṣe wù ú. Ẹ̀rọ á ti gbogbo rẹ̀ gba inú ìṣirò tí wọ́n ń pè ní SHA-256 lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà gbọọrọ kan á sì jáde, òun ni àmì búlọ́ọ̀kù náà. Bí nọ́ńbà yẹn bá kéré tó bí òfin ṣe fẹ́, ó ti já a. Bí kò bá kéré tó, á yí nọ́ńbà aláìnítumọ̀ yẹn, á tún ṣe é. Gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn. Wọ́n á máa sọ fún yín pé ẹ̀rọ ń yanjú ìṣirò tó le. Ìṣirò náà ò le rárá. Ẹ̀rọ kàn ń dán nọ́ńbà wò ni, bíi tírílíọ̀nù 13.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún S9 kan ṣoṣo.

Ó dà bí iṣẹ́ òfo, àmọ́ ọgbọ́n wà níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan gbé àmì èyí tó ṣáájú rẹ̀ sára. Ẹni tó bá fẹ́ yí ohun tí wọ́n kọ lánàá, àmì ti àná á yí padà, ti òní ò ní bá a mu mọ́, á sì ní láti tún gbogbo ìdánwò náà ṣe láti ibẹ̀ wá, nígbà tí àwọn yòókù ò dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gba owó ńlá fi máa ń dúró kí búlọ́ọ̀kù bíi 6 jáde, nǹkan bíi wákàtí kan, kó tó gbé ọjà sílẹ̀. Àwọn tó ń wa kọ́ìnì kọ́ ló sì ń ṣòfin o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà mìíràn wà tí kì í wa nǹkan kan, àyẹ̀wò nìkan ni tiwọn. Ẹni tó bá kọ kọ́ìnì ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ, wọ́n á da búlọ́ọ̀kù rẹ̀ nù, iná tó sun á sì ṣòfò.

Ibi tí ọmọ yín ti fò kọjá rèé. Òfin fẹ́ kí búlọ́ọ̀kù kan máa jáde ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Lẹ́yìn gbogbo búlọ́ọ̀kù 2,016, bí ọ̀sẹ̀ méjì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wo aago. Bí wọ́n bá ti ń yára jù nítorí pé ẹ̀rọ ti pọ̀, á mú ìdánwò le sí i. Bí wọ́n bá ń falẹ̀, á mú un rọ̀. Nígbà tí ìjọba Ṣáínà lé àwọn tó ń wa kọ́ìnì ní 2021, bí ìdajì agbára ẹ̀rọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló pòórá láàárín oṣù mélòó kan. Ní July ọdún yẹn ìdánwò náà rọ̀ ní nǹkan bí 28 nínú 100 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn kò fi ẹ̀rọ kankan kún tiwọn, síbẹ̀ ìpín wọn pọ̀ sí i. Òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ jù: ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹlòmíràn ra ẹ̀rọ tuntun, tiyín dín kù. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ ò lè mú kọ́ìnì ojúmọ́ pọ̀ ju bí òfin ṣe là á sílẹ̀ lọ.

Iye tí òfin sì là sílẹ̀ ń dín kù ni. Bitcoin 50 ni fún búlọ́ọ̀kù kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń dín sí ìdajì lẹ́yìn gbogbo búlọ́ọ̀kù 210,000: 25 ní 2012, 12.5 ní 2016, 6.25 ní 2020, 3.125 láti April 2024. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 450 lójúmọ́ fún gbogbo ayé. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ní kọjá mílíọ̀nù 21, èyí tó kẹ́yìn yóò sì jáde ní bí ọdún 2140.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò tiyín. S9 kan ń jẹ bí 1,350 watt. Méjì láàárín wákàtí 24 jẹ́ yúníìtì 64.8. Mo fi ₦209.50 ṣírò yúníìtì kan, iye Band A ní July 2024, láìfi owó orí kún un. Bí mítà yín bá ń gba iye mìíràn, ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ó lé ní ₦13,500 lójúmọ́, ó lé ní ₦400,000 lóṣù. Ní 2024, gbogbo ẹ̀rọ ayé ti ń dán nọ́ńbà wò kọjá tírílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù 600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ yín méjèèjì ń dán tírílíọ̀nù 27. Ìpín yín kò ju ọ̀kan nínú mílíọ̀nù 22 lọ, ìyẹn nǹkan bí satoshi 2,025 lójúmọ́, nígbà tó jẹ́ pé satoshi mílíọ̀nù 100 ló wà nínú Bitcoin kan. Kódà ká ní Bitcoin kan tó ₦150 mílíọ̀nù, ohun tí ẹ máa rí ò ju ₦3,000 àti díẹ̀ lọ. Ẹ ná 13,500, ẹ gba 3,000. Bí ẹ bá sì dá a wà láìwọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń pín èrè, ó lè tó 400 ọdún kí ẹ tó já búlọ́ọ̀kù kan.

Àwọn tó ń jẹ èrè rẹ̀ ni àwọn tó ní ẹ̀rọ tuntun, tí wọ́n sì gbé e sí ibi tí iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́: ẹ̀gbẹ́ odò ńlá tàbí ibi tí wọ́n ti ń sun gáàsì dànù. Ẹ tún wò ó pé gbogbo iná 2,700 watt yẹn, ooru ló máa dà, nínú yàrá tí àwọn àǹkárá àti léèsì yín wà. Fáànù rẹ̀ nìkan á mú kí aládùúgbò wá bá yín jà lóru.

Ní ti kọ́ìnì tuntun, òpin iye ò fún nǹkan ní owó lórí. Èmi náà lè ṣe kọ́ìnì 100 péré lónìí, kí ẹnikẹ́ni má sì bojú wò ó. Kọ́ìnì kan tí wọ́n ń pè ní Dogecoin kò ní òpin rárá, 10,000 ń jáde ní bí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ wọ́n ń rà á. Monero pinnu pé 0.6 yóò máa jáde fún búlọ́ọ̀kù kan títí láé, kí àwọn tó ń ṣọ́ ìwé má bàa kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Bitcoin fi owó àwọn tó ń ṣọ́ ìwé tirẹ̀ lọ́jọ́ iwájú sọ́wọ́ owó ìfiránṣẹ́, àwọn onímọ̀ ò sì tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá ìyẹn á tó. Ohun tí mo máa bèèrè nípa kọ́ìnì tuntun ni pé mélòó ni àwọn tó dá a sílẹ̀ ti wà sápò kí aráyé tó gbọ́, àti pé ẹ̀rọ mélòó ló ń ṣọ́ ọ. Bí agbára tó ń ṣọ́ ọ bá kéré, ẹni tó bá yá ẹ̀rọ tó ju ìdajì lọ lè yí àkọsílẹ̀ padà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Bitcoin Gold ní 2018, wọ́n sì ṣe é fún Ethereum Classic ní 2019, wọ́n tún ṣe é ní 2020.

Ẹni tó bá sì ń ta á fún yín, ẹ wò ó bóyá àjọ SEC, àwọn tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà, mọ̀ ọ́n. Òfin 2025 ti fi irú ọjà yìí sábẹ́ wọn.

Ọmọ yín ò sì ní láti fi í sílẹ̀. Bí ó bá ní láàpù, ìyẹn kọ̀ǹpútà alágbèéká, kó gbé sọ́fúwíà Bitcoin Core sórí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì lò ó ní ipò tí wọ́n ń pè ní regtest. Níbẹ̀ ló ti máa wa búlọ́ọ̀kù bó ṣe fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, tí á rí orí báìtì 80 yẹn kedere, tí á sì rí i pé kọ́ìnì tí ó bá wà jáde kò ṣeé ná títí búlọ́ọ̀kù 100 fi gùn ún. Kọ́ìnì ibẹ̀ ò ní iye lórí, iná tó máa jẹ ò sì ju ti láàpù lọ.