Ta ló ní ajá onírun kíká kò nílò òòyà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ajá poodle kékeré kan la ní, Bingo làwọn ọmọ ń pè é, ó ti pé oṣù mẹ́wàá. Ẹni tó tà á fún wa ní irun rẹ̀ kì í já, pé ká ṣáà máa wẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní báyìí irun náà ti ń dì, bí a sì ṣe ń wẹ̀ ẹ́ tó ló ń le sí i. Irú gígé wo la lè gé fún un tí yóò wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta? Àbí ká kúkú fá a kodoro nítorí ooru? Bábà tó ń gé irun àwọn ọmọ lóun lè ṣe é. Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Gígé kọ́ ni ìṣòro Bingo. Kò sí irú gígé tó máa wà bẹ́ẹ̀ fóṣù mẹ́ta lára poodle tí ẹnikẹ́ni kò ya irun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ “irun rẹ̀ kì í já” yìí ni mo fẹ́ bá yín fà, torí lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ẹ̀yin lẹ ṣìkẹta tó máa sọ ọ́ fún mi, ó sì ti ń sú mi.

Ó ń já. Irun tèmi ń já, tiyín ń já, ti Bingo náà ń já. Ajá lọ́káàlì tiwa, bí irun rẹ̀ bá já, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, ẹ ó rí i lórí àga àti lára aṣọ. Ti poodle ká bíi sípíríìngì. Èyí tó já kò rí ọ̀nà bọ́ sílẹ̀, á há sáàárín èyí tó ṣì ń hù, á wé mọ́ ọn. Lọ́la òmíràn á tún wé mọ́ tàná. Ibi tí kókó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ orí rẹ̀ náà wà ńbẹ̀: ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, irun ọmọ ajá a máa fi àyè sílẹ̀ fún irun àgbà, a sì máa dì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé òjijì ni. Ẹni tó tà á fún yín kò kúkú purọ́ tán. Ilé yín ni kò ní í kún fún irun. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ló máa pọ̀.

Ti wíwẹ̀ yẹn wá ńkọ́? Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ èyí jù mí lọ. Ta ló ń fọ irun ọmọ tó ti ta kókó láìkọ́kọ́ tú u, láìyà á? Omi máa ń mú irun tó ti wé mọ́ra sún kì. Bó bá wá ń gbẹ, á fún pọ̀ bíi kànìnkànìn tí wọ́n fi fọ ìkòkò, tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Ọṣẹ á há sínú rẹ̀, awọ abẹ́ rẹ̀ kò ní í gbẹ, á máa yún un. Láìpẹ́ yìí wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi, òórùn páúdà ń ta lára rẹ̀. Mo ki kílípà bọ abẹ́ ìdì ẹ̀yìn etí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ṣí lódindi bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí fìlà. Abẹ́ rẹ̀ pọ́n yòò, ó ń rùn. Eégbọn tò sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bí àgbàdo lára ṣùkù. Olówó rẹ̀ ní ọṣẹ olóòórùn dídùn lòun ń lò!

Ajá kì í ṣe Dàdà o. Kò sẹ́ni tó ń ṣe sààráà nítorí irun rẹ̀.

Nítorí náà, yíyà ṣáájú wíwẹ̀. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì tó ní eyín irin wẹ́wẹ́, tí orí eyín rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, àti kóòmù onírin. Ẹ fi ọwọ́ kan la irun náà títí ẹ ó fi rí awọ, bí ìgbà tí ẹ ń la orí ọmọ fún dídì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lókè, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Bẹ́ ẹ bá ti lo búrọ́ọ̀ṣì tán, ẹ ki kóòmù bọ̀ ọ́ láti ìdí irun. Bó bá kọ́, ẹ kò tíì yà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi búrọ́ọ̀ṣì ra òkè lásán, ajá á rí rọ̀bọ̀tọ̀, ìsàlẹ̀ á ti dì pátápátá. Ẹ̀yìn etí, abíyá, abẹ́ bẹ́líìtì ọrùn, àárín itan: ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé kókó. Kókó máa ń fa awọ sókè sínú ara rẹ̀, ojú kò sì ní í rí i. Mo ti rán abíyá ajá nítorí èyí, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ fi kẹrosíìnì pa á kó lè tú, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un kó máa lọ.

Ó wá ku gígé. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe Bingo, n kò rò pé ẹ̀wà kankan wà láti yàn báyìí: kí wọ́n gé e kúrú kárí ara, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Bó bá hù padà, tẹ́ ẹ lè yà á ní ọjọ́ kan sí méjì síra, ẹ lè fi í sílẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, kí wọ́n rẹ́ ojú rẹ̀ rogodo. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé àyè kò sí, ẹ máa gé e kúrú lọ, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra. Ti àwọn ajá ìdíje, tí wọ́n fá ìdí tí wọ́n fi irun yí ọrùn ẹsẹ̀ ká, ajá tó ń wọ odò lọ gbé pẹ́pẹ́yẹ fún ọdẹ ló bá wá. Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe ní Ìkòròdú?

Kíkúrú ni mo wí, n kò ní kodoro. Ajá kì í làágùn kárí ara bíi tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni òógùn ti ń jáde díẹ̀. Ẹnu ló fi ń mí hẹlẹhẹlẹ tí ara rẹ̀ fi ń tutù. Bẹ́ ẹ bá fá a kodoro, oòrùn á jó awọ rẹ̀. Omi tútù àti ibòòji ló nílò.

Bábà yín ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra nípa nọ́ńbà. Abẹ kílípà ajá tí wọ́n kọ 4F sí ń fi nǹkan bíi mìlímítà 9.5 sílẹ̀, 7F ń fi 3.2 sílẹ̀, 10 ń fi 1.5 péré sílẹ̀. Bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni irun ń kúrú. Ike tí àwọn bábà ń fi sẹ́nu kílípà tiwọn, òdìkejì ni: nọ́ńbà 1 ń fi bíi mìlímítà 3 sílẹ̀, nọ́ńbà 4 ń fi bíi 13 sílẹ̀. Bí ẹ bá ní “nọ́ńbà 10” nítorí pé ẹ fẹ́ kó gùn, ẹ ó bá Bingo níhòòhò.

N kò tíì fojú kan ajá yín, kò sì sí bí mo ṣe lè mọ ohun tó wà lábẹ́ ìdì yẹn láti ibí. Bó bá ń rùn, tàbí tó ń kígbe tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ. Bó bá sì jẹ́ pé bábà náà lẹ ṣì fẹ́, ẹ ra kílípà tí Bingo nìkan yóò máa lò, torí làpálàpá ajá máa ń ran èèyàn, orí àwọn ìbejì yín sì ni kílípà bábà yẹn ń padà sí.