Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ má dí ẹ̀yìn hẹ́dífóònù yín nítorí béèsì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìworòkò ni mo wà, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe béètì fún àwọn akọrin ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo ra hẹ́dífóònù Sennheiser HD 600 tòkunbọ̀ kan. Ó ń dún dáadáa, àmọ́ àwọ̀n irin ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ń bó. Mo fẹ́ kí gbẹ́gilére kan ní Ẹ̀fọ̀n bá mi fi igi gbẹ́ òmíràn, kí orúkọ mi wà lára rẹ̀. Ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe sọ fún mi pé tí ihò rẹ̀ bá kéré, tàbí tí mo bá kúkú dí i pa, béèsì á wọlé, pé ẹ̀yìn tó ṣí yẹn ni béèsì ń gbà jò dànù. Ṣé òótọ́ ni? Irú gúlù wo ni kí n lò, èló ló sì máa ná mi?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì gbé igi fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ gúlù àti owó ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí ẹni yẹn sọ fún ọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí léraléra ni wọ́n ń gbé hẹ́dífóònù tí irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti bà jẹ́ wá sórí tábìlì mi níhìn-ín ní Adó, àwọn tó sì ni wọ́n kì í ṣe olówó. Ọmọ iléèwé ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n tọ́jú owó pẹ́ kí wọ́n tó rà á. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi páálí dí. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi Ankara lẹ̀ látòkè délẹ̀, àti èyí tí wọ́n da gúlù gbígbóná sí gbogbo ihò rẹ̀. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò fún mi: akọrin ń dún bí ẹni tó ki orí bọ inú ìkòkò. Inú sì ń bí mi sí ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wọn lórí rẹ̀.

Béèsì kì í gba ihò àwọ̀n jò. Wo ohun tó wà nínú rẹ̀ ná. Spíkà kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan: òòfà, wáyà tín-ínrín tí wọ́n wé róbótó, àti awọ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wáyà náà lẹ̀ mọ́. Tí iná orin bá ti gba inú wáyà, òòfà á máa tì í, á máa fà á, awọ á sì máa sún síwájú, á máa padà sẹ́yìn. Bó ṣe ń ti afẹ́fẹ́ iwájú sí ọ létí, bẹ́ẹ̀ ló ń fa ti ẹ̀yìn mọ́ra. Ìró méjì ló ń bí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n sì lòdì síra wọn. Tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á pa ara wọn, béèsì ló sì máa kọ́kọ́ bá a lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n pàdé ni pátákó ike tí wọ́n de spíkà mọ́, pẹ̀lú tìmùtìmù tó yí etí rẹ ká. Àwọ̀n irin kò bá wọn dá sí i rárá.

Torí náà, tí béèsì bá ń jò, tìmùtìmù ni kí o lọ yẹ̀ wò. Tòkunbọ̀ lo rà. Ó ṣeé ṣe kí tìmùtìmù rẹ̀ ti pẹlẹbẹ, kó ti le, tàbí kí eteetí rẹ̀ ti ya. Tí o bá ń lo awò ojú, apá awò náà tún máa ń gbé e sókè díẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ra tìmùtìmù tuntun tó jẹ́ ti HD 600 gan-an. Èmi á gbé owó síbẹ̀ kí n tó rántí igi.

Ní báyìí, kí ló dé tí wọ́n fi ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀? Láti 1968 tí Sennheiser ti Jámánì ti gbé HD 414 jáde, èyí tó kọ́kọ́ jẹ́ hẹ́dífóònù ẹ̀yìn-ṣíṣí lórí àtẹ, títí kan HD 600 tìrẹ tó dé ní 1997, iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀yìn tó ṣí ń ṣe: ó ń jẹ́ kí ìró ẹ̀yìn rí ọ̀nà lọ, kó má padà wá. Tí o bá dí i, kò sọ́nà fún un mọ́.

Afẹ́fẹ́ tí o há mọ́lé á kọ́kọ́ di sípíríìnì lẹ́yìn awọ. Béèsì ìsàlẹ̀ pátápátá ló nílò kí awọ rìn jìnnà jù lọ, sípíríìnì yẹn á sì máa dá a dúró. Ìyẹn ni pé béèsì tòótọ́, èyí tó máa ń wá láti ìsàlẹ̀ ìyá ìlù, á dín kù. Ohun tó máa ń wú dípò rẹ̀ ni ìró tó ga jù ú lọ díẹ̀, tó máa ń dún *bù-ún, bù-ún*, tó sì máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀. Wíwú yẹn ni wọ́n ń tà fún ọ ní béèsì.

Ìró ẹ̀yìn náà á tún lọ kọlu igi, á sì bọ̀. Awọ inú spíkà fẹ́lẹ́ débi pé ìró ń gbà á kọjá padà sí etí. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí igi bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 sẹ́yìn awọ, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, kò sì tó ìdá kan nínú 8,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan tó fi dé. Etí ò ní gbọ́ ọ bí gbohùngbohùn. Á kàn dà pọ̀ mọ́ orin, á gbé àwọn ìró kan sókè, á jẹ àwọn mìíràn, ibi ohùn akọrin àti ṣẹ́kẹ́rẹ́ ló sì ti máa hàn jù. Ìwọ tó ń ṣe béètì wá ń fi irú etí bẹ́ẹ̀ pinnu ohun tí o máa fi kún orin àti ohun tí o máa yọ. Orin tó dùn létí rẹ á dé inú mọ́tò ẹlòmíràn, á sì di nǹkan mìíràn.

Dán an wò fúnra rẹ. Gbé hẹ́dífóònù náà sétí, fi orin tí o mọ̀ dáadáa sí i, kí fólúùmù má pọ̀. Na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kí o máa sún wọn mọ́ àwọ̀n náà díẹ̀díẹ̀. Kí ọwọ́ tó kàn án rárá ni wàá ti gbọ́ tí ohùn ń sún mọ́ ọ, tó ń há. Nígbà tí o bá bò ó tán, tẹ́tí sí dùndún: wàá gbọ́ bó ṣe sanra, tí kò sì ní ìsàlẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí o lọ sanwó fún gbẹ́gilére lé lórí nìyẹn.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí iléeṣẹ́ Beyerdynamic ń ṣe hẹ́dífóònù DT 770 tí wọ́n dé ẹ̀yìn rẹ̀ pa, wọ́n sì ń ṣe DT 990 tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, ìdílé kan náà ni wọ́n.” Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ̀yìn dídé jẹ́ ohun tí wọ́n ṣírò látìbẹ̀rẹ̀: bí ife rẹ̀ ṣe máa tóbi tó, ohun tí wọ́n máa kì sínú rẹ̀ láti gbé ìró mì, ibi tí afẹ́fẹ́ á ti mí. DT 770 tí gbogbo èèyàn ń pè ní èyí tó dé yìí gan-an ní ihò tí wọ́n dìídì ṣe nítorí béèsì. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó dé, kó ra èyí tó dé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ wá kù. Mi ò ní kí o má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó wù mí pàápàá. Ọmọ Èkìtì kankan ò gbọ́dọ̀ fojú tín-ínrín iṣẹ́ igi. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ sí, ẹni tó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn náà wà ní British Museum di òní. Ó tún gbẹ́ abọ́ kan tí orí èèyàn kan ń yí gbirigbiri láàárín àwọn ère abẹ́ rẹ̀, tí kò sì ṣeé yọ jáde, igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Torí náà, kì í ṣe pé gbẹ́gilére ò lè lu ihò. Igi ni kò gbà. Tí o bá fẹ́ kí àárín ihò méjì tín-ínrín, igi á ṣẹ́. Tí o bá jẹ́ kó nípọn kó má ṣẹ́, ihò á kéré, a sì ti padà sí dídí.

Ohun tí mo máa ń gba àwọn tó bá bi mí ni pé kí igi jẹ́ òrùka tó yí àwọ̀n náà ká nìkan. Kí gbẹ́gilére ya ọ̀ṣọ́ sí òrùka náà bó ṣe wù ú, kí àárín rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀n àlùmíníọ̀mù tàbí ti idẹ. Orúkọ rẹ náà, orí òrùka ni kó wà. Tí o bá fi dandan lé e pé àárín lo fẹ́ ẹ, kí lẹ́tà rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, kó sún sí ẹ̀gbẹ́, kó má jókòó síwájú spíkà.

Àwọ̀n tuntun ò gbọ́dọ̀ há ju ti àtijọ́ lọ. O lè ṣírò rẹ̀. Tí ihò bá jẹ́ róbótó, tí wọ́n sì tò ó bí afárá oyin, wọn fífẹ̀ ihò kan, wọn láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e. Fi èkejì pín èkíní, sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀, kí o wá sọ ọ́ di ìlọ́po 90.7. Ihò mílímítà 3 tí àárín wọn jẹ́ 4 á fún ọ ní nǹkan bí ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣí. Ihò 2 lórí 3 jẹ́ ìdá 40. Ihò 1 lórí 2, tó máa ń dùn-ún wò jù, kò ju ìdá 23 lọ, o sì máa gbọ́ ọ. Ṣe é fún àwọ̀n àtijọ́, ṣe é fún tuntun, kí o fi wọ́n wéra. Kí apá òsì àti ọ̀tún sì rí bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orin á máa fì sápá kan.

Èyí tí mò ń sọ yìí, mo bẹ̀ ọ́, fetí sí i: má lu ihò, má rẹ́ nǹkan, má fi fáìlì ha nǹkan kan nítòsí hẹ́dífóònù. Òòfà wà nínú rẹ̀. Èérún irin tí ojú ò lè rí á fò wọlé, á lẹ̀ mọ́ ibi tí wáyà ti ń rìn, á sì máa ha *ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀* lórí gbogbo béèsì. Mi ò tíì rí ẹni tó yọ ọ́ tán. Yọ àwọ̀n náà, gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, fi hẹ́dífóònù sílẹ̀ nílé nínú ọ̀rá. Tí o bá ń kun àwọ̀n, ìta ni kí o ti kùn ún, kó gbẹ di ọjọ́ kejì ó kéré tán, kí o sì gbé e síwájú iná wò bóyá ọ̀dà ti dí ihò kankan.

Aṣọ tó wà lábẹ́ àwọ̀n, tí tìrẹ bá ní in, má sọ ọ́ nù, eruku ọyẹ́ ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Tí o bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, gbé aṣọ tuntun bo ẹnu, kí o fẹ́ atẹ́gùn. Tí o bá ní láti tiraka, kò dára. Ankara àti aṣọ òkè ò yege ìdánwò yìí. Àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀rọ 3D tẹ àwọ̀n jáde, ẹ rántí pé ike PLA ń rọ̀ ní bíi 60°C, mọ́tò tó jókòó sóòrùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì lè dé ibẹ̀. Ike PETG sàn.

Mi ò tíì fojú rí tìrẹ, nítorí náà ìmọ̀ràn gbogbogbò lèyí. Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ tí nǹkan bá kán. Tí ẹnì kan bá sì ń ka èyí tí tirẹ̀ jẹ́ tuntun, tó ṣì wà lábẹ́ gàráńtì, kó má fọwọ́ kàn án.

Owó? Ọwọ́ gbẹ́gilére àti wẹ́dà ló wà. Àmọ́ kí o tó ná an, yọ àwọ̀n tó tẹ̀ yẹn, da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí pátákó tí o tẹ́ aṣọ lé, kí o fi ẹ̀yìn ṣíbí máa tẹ̀ ẹ́ láti inú síta, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń nà padà. Wọ́n sì ń ta ojúlówó rẹ̀ lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà.

Tó bá jẹ́ béèsì ló ń jẹ ọ́ níyà lóòótọ́, fi EQ, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gbé ìró ìsàlẹ̀ tàbí ti òkè sókè sódò lórí ẹ̀rọ orin, gbé ibi 60 sí 100 Hz (ibi tí béèsì wà) sókè ní 3 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó), kí o fa fólúùmù àpapọ̀ sílẹ̀ ní 3 dB kan náà kí orin má baà máa fọ́. Yọ EQ náà kí o tó gbé orin rẹ jáde o. Ọ́ọ̀mù 300 ni HD 600, ìyẹn bó ṣe ń kọ iná tó; fóònù lásán ò ní lè tì í dáadáa, wá ámípù kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń fún iná orin lágbára, fún un. Má sì máa fi fólúùmù bá jẹnẹrétọ̀ jà: ẹ̀yìn-ṣíṣí ò lè dí ariwo ìta, etí rẹ ló máa jìyà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà sí 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀.

Gúlù ńkọ́? Má lò ó. Jẹ́ kí òrùka náà há wọ inú férémù rẹ̀. Tó bá ṣì ń mì, kán sílíkóònù bíńtín sí ibi mẹ́ta létí rẹ̀. Má jẹ́ kí súpágúlù wọ yàrá tí hẹ́dífóònù wà, òórùn rẹ̀ máa ń di funfun lára nǹkan, ó sì lè jókòó lé awọ. Tó bá jẹ́ pé o ti lẹ igi mọ́ ọn kí o tó ka èyí, má fi tínà tàbí asítóònù yọ ọ́, ike rẹ̀ á yọ́ bá a lọ. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, dì í dáadáa, kí o gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú.