Kókó Ìdí Ahọ́n Ọmọ Mi: Ṣé Kí Wọ́n Gé E Ni?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, máa ń ráhùn pé nǹkan ń há òun lọ́fun bí ó bá ń gbé òkèlè mì, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, wọ́n rí kókó pupa kan ní ìdí ahọ́n. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ ní kí a wá san owó iṣẹ́ abẹ kí wọ́n gé e. Dókítà mìíràn ní kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ kàn án, pé ó lè jẹ́ táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara tí ń pèsè họ́mónù níwájú ọrùn, ni kò sí ní àyè rẹ̀, kí a lọ ya àwòrán núkílíà ní Ìbàdàn. Ẹ̀rù ìtànṣán ń bà mí. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbọ́? Ṣé kí ó ṣíwọ́ gaàrí jíjẹ ni?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ dókítà kejì ni kí ẹ gbọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé kókó yìí títí a ó fi mọ̀ dájú bóyá òun nìkan ni táírọ́ìdì tí ọmọ yín ní, nítorí pé nínú àwọn tí táírọ́ìdì wọn wà ní ìdí ahọ́n, nǹkan bí 70 nínú 100 ni kò ní òmíràn lọ́rùn rárá. Bí wọ́n bá gé e kúrò lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, họ́mónù tí ń mú ara gbóná, tí ń mú ọmọ dàgbà, tí ń mú ọpọlọ jí pépé, ti bá a lọ nìyẹn, oògùn ni yóò sì máa lò títí ayé.

Ìdí ahọ́n gan-an ni táírọ́ìdì ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọlẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin oyún. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé iwájú ọ̀nà afẹ́fẹ́, nísàlẹ̀ gògóńgò, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje. Ti àwọn kan a dúró lójú ọ̀nà, ìdí ahọ́n sì ni ó sábà máa ń dúró sí jù, obìnrin ni ó sì ń ṣe jù. Kì í ṣe àfọwọ́fà yín, kì í ṣe ohun tí ẹ jẹ tàbí tí ẹ kò jẹ nígbà tí ẹ lóyún rẹ̀, ẹ má sì gbà fún ẹni tí ó bá ní ayé ló fi ṣe é. Ohun tí ó mú un yọjú nísinsìnyí ni pé ọmọ náà ń bàlágà: ara ń béèrè họ́mónù sí i, táírọ́ìdì kékeré yìí kò lè pèsè rẹ̀ tó, ẹ̀yà kan nísàlẹ̀ ọpọlọ sì ń tì í ṣáá pé kí ó ṣiṣẹ́. Títì yìí ni ó ń mú un wú.

Síkáànù irú èyí tí a fi ń wo oyún ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi wo ọrùn rẹ̀. Kò ní ìtànṣán, kò sì yẹ kí ẹ rin ìrìn àjò jù Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù lọ kí ẹ tó rí i ṣe. Ó lè fi hàn pé ọrùn ṣófo, ṣùgbọ́n kò lè fi dá wa lójú pé táírọ́ìdì ni kókó inú ẹnu náà. Àwòrán núkílíà ni ó lè ṣe èyí, nítorí pé iṣẹ́ tí ẹran ara ń ṣe ni ó ń wò. Táírọ́ìdì a máa fa áyódínì inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra. Technetium-99m, oògùn onítànṣán tí wọ́n máa gún ní abẹ́rẹ́ sí iṣan apá, ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé, nígbà tí ó bá sì tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kámẹ́rà gámà yóò fi ibi tí ó kó jọ sí hàn. Bí ìdí ahọ́n bá tàn tí ọrùn sì dúdú, a ti rí ìdáhùn.

Ibì kan wà tí a ti lè ṣì í kà. Àwọn ibi tí itọ́ ti ń sun náà máa ń fa technetium mọ́ra, itọ́ tí ó bá sì dúró sẹ́nu lè dà bíi táírọ́ìdì lójú ẹni tí ń wo àwòrán. Nítorí náà, kí ọmọ mu omi kí wọ́n tó ya á, kí wọ́n sàmì sí àgbọ̀n àti kòtò ọrùn, kí wọ́n sì ya á láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá gbàgbé omi náà, ẹ rán wọn létí; kò sí àfojúdi níbẹ̀.

Ní ti ìtànṣán, kámẹ́rà náà kì í tú u jáde rárá. Inú oògùn abẹ́rẹ́ ni ó wà. Láàárín wákàtí 6 ni agbára oògùn náà ń dín sí ìdajì, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì fi mọ́, díẹ̀ gan-an ni yóò kù. Ìtànṣán tí ọmọ máa gbà kò sábà ju èyí tí ilẹ̀ àti òfuurufú ń fún gbogbo wa láàárín ọdún kan lọ. Wọn yóò bi í nípa nǹkan oṣù àti oyún. Gbogbo obìnrin tí ó ti bàlágà ni wọ́n ń bi, ẹ má bínú sí i. Bí ó bá ti ń lo levothyroxine (oògùn tí ń rọ́pò họ́mónù táírọ́ìdì), tàbí tí wọ́n ti ya síkáànù CT tí a gún oògùn áyódínì sí i lára fún un láìpẹ́, ẹ sọ, torí pé méjèèjì lè mú kí táírọ́ìdì má fa oògùn náà, wọ́n sì lè ní kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. (Ọ̀rọ̀ ìkókó tí táírọ́ìdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ yàtọ̀: a kì í torí àwòrán dá oògùn rẹ̀ dúró.) Ní UCH Ìbàdàn, ẹ̀ka ìwòsàn núkílíà wà níbẹ̀. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà yín, kí ẹ sì pè wọ́n ṣáájú, nítorí pé oògùn náà kì í ṣe ohun tí a ń tọ́jú pamọ́ sórí pẹpẹ.

Bí ó bá jẹ́ táírọ́ìdì lóòótọ́, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé họ́mónù rẹ̀ kò tó, levothyroxine ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Bí họ́mónù bá tó, títì dópin, kókó á sì máa súnkì láàárín oṣù mélòó kan. Omi lásán ni kí ó fi lò ó láàárọ̀, ó kéré tán ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó jẹun, kí oògùn tí ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀ tàbí kálísíọ́ọ̀mù sì jìnnà sí i ní wákàtí 4. Iṣẹ́ abẹ wà fún kókó tí ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ń dí èémí, tàbí tí kò gbọ́ ti oògùn. Jẹjẹrẹ kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Áyódínì-131, áyódínì onítànṣán tí a ti ń fi tọ́jú táírọ́ìdì tipẹ́tipẹ́, lè jó kókó náà, ṣùgbọ́n ó lè kọ́kọ́ mú un wú, kò sì bá aboyún tàbí ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú mu. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ ni mo máa ń rò ó fún, kì í ṣe ọmọ yín.

Gaàrí kọ́ ni ó fà á. Májèlé inú ẹ̀gẹ́ lè dí áyódínì lọ́nà lára ẹni tí áyódínì rẹ̀ kò tó, ó sì wà lára ohun tí ń fa gẹ̀gẹ̀, ṣùgbọ́n gaàrí Ìjẹ̀bú tí a rẹ dáadáa, tí a sì yan gbẹ, ti pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀. Kí ó máa jẹ ẹ́, kí ẹ sì máa fi iyọ̀ tí ó ní áyódínì se ìkọ́kọrẹ́ àti ọbẹ̀ yín.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ lẹ́nu rẹ̀, tí kò bá lè gbé itọ́ mì, tàbí tí èémí rẹ̀ bá ń dún lóru, ẹ má dúró de àwòrán kankan. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lóru náà. Bí ó bá sì di pé wọ́n fẹ́ kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ yòówù, ìbáà ṣe ti apẹ́ńdísì, ẹ sọ fún ẹni tí yóò fún un ní oògùn oorun pé kókó wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni rọ́bà èémí yóò gbà kọjá.