Kí o tó sọ fóònù rẹ di ọmọ New Zealand

Àbúrò, o ní àwo olórin tí o fẹ́ràn ń jáde lọ́jọ́ Ẹtì, o sì fẹ́ yí orílẹ̀-èdè àkáǹtì tí o fi ń gbọ́ orin lórí fóònù sí New Zealand kí o lè ṣáájú gbogbo wa gbọ́ ọ. Mo ti rin ọ̀nà yẹn, ẹ̀gún rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.

Yíyí i kò le, inú ètò àkáǹtì ló wà. Owó ni wàhálà. Káàdì báńkì mi ò wọlé, ni mo bá ra gift card (káàdì owó) ti ọ̀hún lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan lórí ayélujára. (Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ẹnìkan ti lò ó. Ṣọ́ra o!) Wákàtí mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣáájú wa nígbà òtútù wọn, nítorí náà aago kan ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ wa, tí aago méjìlá òru Ẹtì lù lọ́dọ̀ wọn, ni mo ti jókòó ti fóònù. Orin kan tí wọ́n ti gbé jáde tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń kọ. Àwọn yòókù ṣì ṣì dúdú bí aṣọ tí oòrùn ti pa láwọ̀; mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. Àṣé aago méjìlá òru ti New York ni wọ́n fi í sí fún gbogbo ayé. Aago márùn-ún ìdájí Ẹtì ni èmi àti aládùúgbò mi tí kò ná kọ́bọ̀ jọ gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ padà sílé, wọ́n ní owó mi ṣì ku sẹ́ǹtì 47, àfi kí n ná an tán. Kí ni sẹ́ǹtì 47 fẹ́ rà? Customer care àkọ́kọ́ ní kí n pa fóònù kí n tún tan án. Èkejì dúpẹ́ fún sùúrù mi, sùúrù tí n kò ní. Ẹ̀kẹta ní kí n lọ ka ojú ewé ìrànwọ́, ojú ewé tó rán mi sí wọn gan-an! Ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí mo fi padà dé Nàìjíríà, àwọn orin tí mo ti ń tò jọ láti ìgbà tí mo ń fẹ́ ìyàwó mi ti di ihò-ihò.

Ẹ̀yin tiẹ̀ rí ṣe. Kó tó di 10 July 2015 tí ọjọ́ Ẹtì tí àwọn ilé-iṣẹ́ orin fẹnu kò sí bẹ̀rẹ̀, Jámánì ń gbọ́ àwo tuntun lọ́jọ́ Ẹtì, London lọ́jọ́ Ajé, Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀gbọ́n mi á pè láti London, á gbé fóònù sẹ́nu rédíò kí ojú lè máa wọ̀ mí. Ẹni tó ń ta CD lábẹ́ afárá ló ń gbà wá. Fáìlì tí wọ́n ń pín lórí Telegram kí àwo tó jáde ńkọ́? Má fọwọ́ kàn án. Fóònù àbúrò ìyàwó mi ṣì ń kọ èdè Rọ́ṣíà.

Olórin wo tiẹ̀ ni? Wo ìkéde rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá kọ aago New York síbẹ̀, lọ sùn. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, àkáǹtì tuntun ni kí o ṣí, má fọwọ́ kan ti àtijọ́.