Gíláàsì onípele méjì tó ṣú: ṣé ká tú fèrèsé ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fèrèsé onígíláàsì méjì la fi sí yàrá wa l'Óṣogbo nítorí ariwo títì. Ọ̀kan ti ṣú. Mo nù ún nínú, mo nù ún lóde, kò lọ. Ẹni tó ń bá wa ṣe é ní ká tú gbogbo rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? — Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì tú férémù o. Àárín gíláàsì méjèèjì ni ọ̀rinrin tó mú un ṣú wà: gọ́ọ̀mù etí rẹ̀ ti là. Àwọn hóró kéékèèké kan wà nínú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín gíláàsì méjèèjì níyà; àwọn hóró yẹn ló ń fa ọ̀rinrin mu. Tí wọ́n bá ti mu yó, ó ṣú nìyẹn. Àwọn kan á ní àwọn á lu ihò sí i kó lè gbẹ. Gọ́ọ̀mù tó là ṣì là síbẹ̀. Owó yín nìkan ló máa gbẹ.

Gíláàsì nìkan ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ẹ wọn ìbú àti gíga ibi tó ń jókòó sí nínú férémù, kẹ́ ẹ yọ mílímítà 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn nínípọn rẹ̀ náà: bí àpẹẹrẹ, gíláàsì mílímítà 5, àlàfo 12, gíláàsì 5, ó di 22. Kí wọ́n tó fi tuntun sí i, ẹ yẹ ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ férémù wò. Ẹrùpẹ̀ àti òkú èèrà ló sábà ń dí i, omi á wá dúró ti gọ́ọ̀mù títí yóò fi bàjẹ́. Rọ́bà líle méjì ni kí gíláàsì jókòó lé, kó má kan férémù. Ẹ má gba sílíkónì (gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí àlàfo) tó ń rùn kíkan bí ọtí kíkan. Ó máa ń ba gọ́ọ̀mù etí jẹ́.

Àfi tí férémù bá ti wọ́, tàbí tí igun rẹ̀ ti yà, lẹ tó lè tú u.